Kókó Ìdodo Dígí

“Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ló... Ẹ má dárúkọ mi síbẹ̀ o. Ohun tó yọ sí i ní ìdodo yẹn, ojú lásán kọ́... Wọ́n ní lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó nàka sí àbúrò náà, ó ní ìwọ ni o... Háà! Ẹ jẹ́ á fi mọ bẹ́ẹ̀.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù nínú ọgbà àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Olùkàwé, gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Pẹ́ńtà ọkọ̀ ni ọkùnrin náà. Dígí ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ̀ tó bá kùn, èèyàn lè fi wo eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpáàrà bá ti jẹ irin láti inú, Dígí kì í gé e. Yóò po pọ́tì bí àmọ̀, yóò fi dí i, yóò fi sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, yóò sì kùn ún. Ó di ìgbà òjò kí oníbàárà tó mọ̀.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fi ń wú. Àbúrò kò purọ́. Ó ní, “Inú ló ti jẹrà wá, sà. A kàn bò ó ni.”

Dígí gbọ́, ó kó irinṣẹ́ àbúrò náà dà síta. “Ọ̀dàlẹ̀! Ọmú tí a jọ mu, ó ti kan lónìí! Kí n má rí ẹsẹ̀ rẹ níbí mọ́!” Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò bá kí i, itọ́ ló fi ń dáhùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, wẹ́dà ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Ó ní, “Dígí, dárí ji ọmọ yìí. Jésù ń wo inú rẹ.”

“Wòlíì oníná! Lọ jó irin rẹ jàre. Bí Jésù rẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó gbà á síṣẹ́!”

Nígbà tó yá, kókó kan yọ ní ìdodo Dígí, ó le bí èkùrọ́. Ó fi ìpara pa á. Nígbà tó ń ṣomi, ó fi bàńdéèjì bò ó. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, síbẹ̀ kókó yẹn nìkan ló ń bá jà. Nígbà tí kókó kọ̀, ó fọwọ́ sọ̀yà: “Àbúrò mi ló ṣe mí!”

Wẹ́dà ló fà á dé ọsibítù. Dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. “Bàbá, jẹjẹrẹ ni. Àpòlúkù yín ló wà, ó ti tàn dé awọ ara. A ó tọ́jú yín bí agbára wa bá ṣe mọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.”

“Irọ́ ni! Èèyàn ló ṣe mí!”

“Kò sẹ́ni tó ṣe yín, Bàbá. Inú ló ti wá.”

Dígí fọwọ́ kan bàńdéèjì rẹ̀. Ó ti gbọ́ irú gbólóhùn yẹn rí lẹ́nu àbúrò rẹ̀.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi Wẹ́dà pé, “Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló di àìsàn yìí?”

“Rárá o. Ẹni rere náà ń ṣe jẹjẹrẹ. Ìkórìíra tí o kùn mọ́lẹ̀ ni mò ń bá ọ sọ. Jésù kì í fi pọ́tì dí irú rẹ̀. Gígé ló ń gé e.”

“Ṣé ó máa dùn mí?”

“Ó máa dùn ẹ́.”

Dígí sunkún bí ọmọdé. Ó ké pe Jésù, kò bo ohun kan mọ́lẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? O ti ń mi orí sí Dígí, àbí? Ta ni ìwọ náà kì í dá lóhùn? Aṣọ ìsìn tí o lọ̀ gbanrangandan, kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Má dúró de kókó. Ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́fun rẹ.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò yọjú sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Dígí nàka sí i. Ẹnì kan tó wá kí aláìsàn mìíràn gbọ́ “ìwọ ni o,” ó sáré lọ ròyìn. Àbúrò náà kò dúró gbọ́ ìyókù, ó sá. Wẹ́dà bá a ní géètì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ń ṣépè fún mi.”

“Dúró! Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: ‘Ìwọ ni o sọ òótọ́. Inú mi ló ti jẹrà wá. Mo ti bẹ Jésù, Ó ti dárí jì mí. Wọlé wá, kí n bẹ ìwọ náà.’”