Modinat, Onípòtétò Ọgbà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 2022, òjò rọ̀ ní Ọgbà láti aago méjì ọ̀sán títí aago mẹ́rin fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lábẹ́ agbòjò pupa kan tí irin rẹ̀ méjì ti kán, ọmọbìnrin kan ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba òjò kí ọjà rẹ̀ má baà tutù. Ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín, nítorí pé ewúrẹ́ kan sá òjò wá bá a, kò sì fẹ́ lọ.

"Ìwọ yìí," ló ń sọ fún ewúrẹ́ náà, "o ò ra nǹkan kan, o ò kí mi, o wá gba ibi tó gbẹ jù. Ó dáa, sún díẹ̀ fún mi."

Jubril wà ní òdìkejì títì, lábẹ́ òrùlé ẹni tó ń lẹ táyà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí Èkó, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ orí ẹní mọ́sálásí ló sùn, kò sì rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín nínú òjò kẹ́yìn. Ó sáré kọjá títì. Kò mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń tà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pòtétò díndín ni, tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n dì sínú náílọ̀nù kéékèèké. Ó ra ẹyọ kan, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kù sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kírun Jímọ̀ tán, ó padà wá.

"Ẹ káàsán o. Mo ra pòtétò lọ́wọ́ yín lánàá."

"Ẹ káàsán, bọ̀dá mi. Mélòó lẹ fẹ́ lónìí?"

"Ó rọ̀."

"Kí ló rọ̀?"

"Pòtétò yẹn. Ó rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa."

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. "Ẹ mú un wá kí n rí i."

"Mo ti jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ ti kí ni?" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Stella! Stella, wá gbọ́ o! Bọ̀dá yìí jẹ pòtétò mi tán, ó gbọn náílọ̀nù rẹ̀ sẹ́nu, ó wá fẹsẹ̀ rìn wá sọ fún mi pé ó rọ̀!"

Stella, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo Jubril láti orí dé ẹsẹ̀. "Modinat, tèmi ni pé kì í ṣe pòtétò ló gbé e wá."

Ojú ti Jubril, ṣùgbọ́n kò sá. "Ó dùn, ìyẹn ni mo ṣe jẹ ẹ́ tán. Ó kàn rọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti kó o kúrò nínú òróró, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe sí i? Inú kúlà ni mò ń dà á sí, màá dé e pa, màá wá máa dì í nígbà tó ṣì gbóná. Ìyá mi ló kọ́ mi. A kì í gbé oúnjẹ tútù síwájú ènìyàn."

"Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìyẹn," ni Jubril wí. "Ooru tẹ́ ẹ dé mọ́ ọn ló ń di omi sí i lára. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu náílọ̀nù bísíkíìtì pa ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì. Bísíkíìtì tí kò bá tíì tutù, ọ̀gá wa ò gbọdọ̀ bá a nítòsí mi. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, kẹ́ ẹ tó dì í."

Modinat pòṣé, ó yíjú sí oníbàárà mìíràn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó da pòtétò díndín sórí ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ láìdé. Ìyá rẹ̀, Sùlíyá, pariwo lé e lórí. "Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa fi oúnjẹ ta afẹ́fẹ́ lọ́rẹ?" Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣí náílọ̀nù kan wò. Ó fi eyín kan án. Ó dún kàà, ológbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì gbórí sókè.

Nígbà tí Jubril tún kọjá, òun ló kọ́kọ́ pè é. "Bọ̀dá Ó-rọ̀! Ẹ wá gba èyí. Ọ̀fẹ́ ni. Tó bá tún rọ̀, kẹ́ ẹ rọra bá mi sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí Stella gbọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ, Bọ̀dá Ó-rọ̀ ló ń pè é. Jubril sì ń kọjá ní Ọgbà lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gba ibẹ̀.

Nígbà tó yá, Modinat ní kó máa wá wo bí òun ṣe ń ṣe é. Agboolé tí wọ́n ń gbé ní Oko Ọba ni, yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra wọn, gbogbo ojú ló sì ń rí wọn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá. Jubril á máa bó pòtétò, Modinat á sì máa rẹ́ ẹ lórí pákó tí wọ́n há abẹ sí láàárín, ó ń bọ́ sínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Omi àkọ́kọ́ a funfun bí omi ògì. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún bu òmíràn, títí wọ́n á fi máa rí ìsàlẹ̀ abọ́ kedere.

"O ti fẹ́ bó o dé inú," ni Modinat máa ń wí. "Èèpo ni mo ní kó o bó, kì í ṣe pòtétò."

"Rọra, ayọ̀ mi. Ẹ̀rọ ni mo mọ̀ ọ́n lò, kì í ṣe ọ̀bẹ."

"Ta ni ayọ̀ ẹ?"

"Pòtétò tó wà lọ́wọ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, wọ́n á fi aṣọ mìíràn tẹ̀ ẹ́ lórí kí omi lè gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Modinat á gbé òróró ẹ̀pà kaná. Kì í bù ú lé e púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí ló fi ń dín in. Òróró a kọ́kọ́ pariwo, ariwo náà a máa dínkù, nígbà tó bá sì fẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni yóò fi ajọ̀ kó o jáde, iyọ̀ á sì kàn án lójú ẹsẹ̀. Jubril á mú abẹ̀bẹ̀, á máa fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ní kó fẹ́ ẹ. Ó kàn fẹ́ ní ohun tí yóò máa ṣe kí ó má baà tètè lọ sílé ni.

Oṣù kẹsàn-án ni Modinat ti fi "ẹ" sílẹ̀ tó sì ti ń pè é ní "ìwọ". Ní oṣù kejìlá, níbi tí wọ́n ti ń fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu náílọ̀nù pa, Jubril sọ ohun tó ti ń gbé kiri láti ìgbà òjò. Kò sọ ọ́ lọ títí.

"Mo fẹ́ kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ yìí títí n ó fi darúgbó."

Modinat wo iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó pòtétò?"

"Màá kọ́ ọ."

"Ó dáa nígbà náà. Wá bá ìyá mi lẹ́yìn ọdún."

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti bá ìyá rẹ̀ ṣáájú kí Jubril tó dé.

Opó ni Sùlíyá. Ọdún 2001 ni ọkọ rẹ̀ kú, nígbà tí Modinat wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó wá àyè tí yóò ti máa ta ẹran ní ọjà ẹran Oko Ọba, kò rí, àfi ìgbà tí Alhaji Làsísì, alápatà àgbà tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn, sún fún un ní ìdajì pákó tirẹ̀. Orí pákó yẹn ló ti ta ẹran tó fi tọ́ Modinat. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Alhaji pè é jókòó.

"Sùlíyá, agbára mi ti ń lọ. Àlàbá ọmọ mi ló máa gba pákó yìí tó bá gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ Modinat, kí ìwọ náà má baà dìde. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, mi ò lè sọ fún un pé kó gba ìyá onìyàá mọ́ra."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Sùlíyá gbé e dé ilé, ó sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ láìfi àṣẹ kún un. Lọ́jọ́ kejì, Modinat dá Jubril dúró lẹ́yìn agbòjò.

"Má wá mọ́. Àlàbá ọmọ Alhaji ni màá fẹ́, kí wọ́n má baà lé Màámi nídìí pákó."

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Àlàbá kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

"Màámi ò níbòmíràn, Jubril." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dárúkọ rẹ̀ gan-an.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló dúró fún Jubril lọ́jọ́ náà, kò wọ ọ̀kankan. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ọgbà dé Àgídìngbì.

Ọjọ́ ogún kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Stella wá bá Sùlíyá nídìí ẹran. "Màámi, ẹ bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà ti ń dá pòtétò padà. Ó ti rọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà Sùlíyá jókòó, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Modinat kó pòtétò kúrò nínú òróró, ó dà á sínú kúlà bó ṣe ń hó lọ́wọ́, ó sì dé e pa.

"O ò jẹ́ kó tutù mọ́?"

Modinat wo kúlà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀. "Mo gbàgbé, Màámi."

Sùlíyá mọ ohun tó ń mú kí ọwọ́ gbàgbé iṣẹ́ tó mọ̀. Nígbà tó wà nínú opó, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Kò tún bi ọmọ rẹ̀ léèrè mọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu gèètì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Àgídìngbì. Kò bọ́ aṣọ tó fi ń ta ẹran, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Olúgbénró tó ń ṣọ́ gèètì sún sẹ́yìn.

"Màámi, ta lẹ̀ ń wá?"

"Jubril. Ẹni tó ń lẹ náílọ̀nù pa."

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí tí mo fi wá gan-an nìyẹn."

Jubril jáde, ó rí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

"Dìde. Ìwọ lo ní kí ọmọ mi máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"Kò jẹ́ kó tutù mọ́. Ta ló ní kó o má wá sílé wa mọ́?"

"Òun ni, Màámi."

"O sì gbà?"

"Ó ní ẹ ò níbòmíràn tẹ́ ẹ ti lè ta ẹran. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tìtorí tèmi jìyà."

Sùlíyá, tí gbogbo alápatà Oko Ọba ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, fi etí aṣọ nu ojú. "Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Kó o sì jẹun kó o tó wá. O ti rù bí igi àtùpà."

Kò tíì délé tó fi yà lọ́dọ̀ Alhaji Làsísì. Ó kúnlẹ̀.

"Alhaji, ẹ ṣe é gan-an fún gbogbo ọdún yìí. Ọmọ mi ti ní ẹni tó fẹ́."

"Sùlíyá, ṣé o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹran ni mò ń tà, Alhaji. Mi ò lè ta ọmọ."

Àlàbá tó jókòó nítòsí mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Èmi náà ti ń bẹ̀rù ẹnu Modinat láti ọjọ́ yìí wá." Bàbá rẹ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé Sùlíyá dìde, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ pákó padà.

Ní ọjọ́ Àìkú, Modinat ń rẹ́ pòtétò nínú agboolé nígbà tí òjìji ẹnìkan bọ́ sórí abọ́ omi rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé pòtétò yín ti tún rọ̀."

Kò gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Ọgbà ni."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa." Omijé ti ń kán sínú abọ́. "Èéfín ni o. Má wò mí. Èéfín ni."

"Modinat, o ò tíì dáná."

Sùlíyá bú sẹ́rìn-ín láti inú yàrá, ó jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Modinat kọ̀. Ó ní òun ò ní í jẹ́ kí ìyá òun dìde níbi tó ti ń jẹun. Ìyá rẹ̀ di etí rẹ̀ mú bíi ti ọmọdé.

"Mo ti dìde ná. Ṣé o fẹ́ kí n dìde lásán ni? Jubril, bó pòtétò. Kí n rí ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sunkún."

Jubril bó o, Sùlíyá sì wo èèpo tó bó. "Ọmọ yìí ti kọ́ ọ." Jubril jẹ́wọ́ pé alaalẹ́ lòun ń bó pòtétò nínú yàrá òun fún gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, òun sì ti sè é jẹ títí ó fi sú òun. Modinat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ tó tutù fún omi, ó fi gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, kò sì tètè gbé e kúrò níbẹ̀.

Wọ́n so yìgì wọn ní mọ́sálásí Oko Ọba ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún. Àwọn méjèèjì ló dín ohun tí wọ́n fi ṣe àlejò, igba náílọ̀nù. Nígbà tí Alùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í gba tọkọtaya nímọ̀ràn, gbogbo mọ́sálásí ló ń rún pòtétò kàà, kàà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Alùfáà dákẹ́, ó wò wọ́n, ó ní kí wọ́n bu tòun náà wá. Jubril sún mọ́ etí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ó rọ̀?"

"Bọ̀dá Ó-rọ̀," ni Modinat wí, "ẹ gbẹ́nu dákẹ́, wọ́n ń gbà wá nímọ̀ràn."

Àlàbá gbéyàwó tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ìyàwó náà sì jókòó sídìí pákó. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Sùlíyá fọ ọ̀bẹ rẹ̀ mẹ́ta, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó sì gbé wọn wá sílé. Ó wá àyè mìíràn ní ọjà ẹran náà fún oṣù mẹ́rin, kò rí. Ọdún méjìlélógún ló fi ta ẹran lórí pákó yẹn. Kò ta ẹran mọ́.