Orúkọ Kan Lórí Fíìmù Ẹni Méjì

Ìyá Kòjókòó fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, níbi tó ti ń bá mi fẹ ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan tí kò gbà mí mọ́. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọmọ òun ló ṣe é, òun kò sì ní tìtorí pé ọmọ òun ni bò ó mọ́lẹ̀. Bó ṣe rí nìyí.

Ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, ooru mú débi pé ògiri ń làágùn. Obìnrin méjì di etí aṣọ funfun kan mú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó dún pàá. Wọ́n rìn pàdé ara wọn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Kòjókòó, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń yí wọn ká pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó gun àpótí, ó bẹ́ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja kí ó lè ya ẹsẹ̀ wọn. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kòjókòó, nítorí láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn, kò sí àga tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sí kọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Fóònù àtijọ́ kan ló mú dání, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó kí atẹ́gùn ẹ̀rọ má baà ba ohùn jẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni gbígba ohùn. Dákẹ́ ni gbogbo kíláàsì ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún èèyàn jù lọ nìyẹn. Kí ó tó gba ohùn kankan, ó máa kọ́kọ́ sọ ibi tó wà àti ohun tó fẹ́ gbà, kí nǹkan má baà dàrú nígbà tí wọ́n bá ń tò ó pọ̀.

"Yàrá ìfọṣọ. Ọjọ́rú. Aṣọ gbígbọ̀n," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò tíì tó?" ìyá Dákẹ́ béèrè. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó di aṣọ mú. "Apá ń ro mí."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i, Mọ́mì," Kòjókòó dáhùn.

"Ìgbà kẹjọ rèé tí o ti ń sọ lẹ́ẹ̀kan."

Obìnrin kejì rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí wọ́n yà wá. Àmọ́ ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí o ti yà mí o. Ibẹ̀ ni mo ti rẹwà."

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́," Dákẹ́ bẹ̀ wọ́n, ni ẹ̀rín bá tún sọ.

Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù kan tí wọ́n rí ìwé rẹ̀ lára ògiri ilé ìkàwé. Kì í ṣe àjọ̀dún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn obìnrin kan ló kó ara wọn jọ tí wọ́n dá a sílẹ̀, fún àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi iṣẹ́ wọn hàn rí. Ẹni tó bá borí yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìlú mìíràn, níbi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi fíìmù jẹun. Ẹnì kan ṣoṣo ni àyè rẹ̀ gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́, Dákẹ́ ní ìdánwò. Kòjókòó nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, àjọ̀dún náà kò ní gba fíìmù mọ́, agogo mẹ́ta sì ti kọjá dáadáa.

"Orúkọ ẹni tó ṣe fíìmù?" Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù béèrè. "Wọ́n ní èyí tí a bá kọ síbí ni wọ́n máa gbé sára rẹ̀."

Kòjókòó sọ orúkọ tirẹ̀.

"Ìwọ nìkan kọ́. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń wá jókòó tì mí níbí." Ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. "Wò ó, àyè wà. Wọ́n ní bí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ yín. Bí ẹ bá wá borí, wọ́n á ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa lọ."

Kòjókòó wo àyè náà. Gègé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ta ló dùbúlẹ̀ sínú omi ọṣẹ? Ta ló jókòó fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, òun tí kì í jókòó, tó ń gé fíìmù tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Bí gègé bá wá mú Dákẹ́ ńkọ́?

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó kàn bá mi gba ohùn ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi, bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀ ní tèmi." Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Kòjókòó kò ti balẹ̀ mọ́. Dákẹ́ bi í bóyá ó ti kọ orúkọ àwọn. Ó ní òun ti kọ ohun tí wọ́n béèrè. Bí ó bá jẹun, kì í jẹ ẹ́ tán. Bí olùkọ́ bá pè é, ó máa kọ́kọ́ ta gìrì.

Inú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ṣe àjọ̀dún náà, lórí àga oníke. Wọ́n pín ìwé tí wọ́n kọ àkọlé fíìmù àti orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà. Dákẹ́ ka tirẹ̀, ó tún un kà, ó wá ṣẹ́ ẹ po.

"Àyè ẹnì kan ló wà lórí fọ́ọ̀mù," Kòjókòó yára sọ.

"Ó dáa," ni Dákẹ́ wí, ó sì lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìlà kẹrin.

Àgbà obìnrin tó dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ dìde. Ìyá Alálùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é, torí láti ayé tí wọ́n ti ń fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù ló ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi gé fíìmù fún àwọn ọ̀gá," ó ní. "Bí fíìmù bá parí, orúkọ awakọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó bá wọn wá àga wà níbẹ̀. Tèmi kò sí. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní, 'Ó kàn bá wa gé e ni.' Ìdí tí ibí yìí fi wà nìyẹn."

Ó dà bíi pé ẹnì kan da omi yìnyín sí Kòjókòó lẹ́yìn.

Àṣà kan wà tí wọ́n máa ń dá níbẹ̀. Bí wọ́n bá wo fíìmù tán, ẹni tó ṣe é yóò bọ́ síwájú, wọ́n á tún fi apá kan hàn, àmọ́ wọ́n á pa àwòrán, ohùn nìkan ni wọ́n á máa gbọ́. Ìyá Alálùmọ́gàjí ní àwòrán tó dára máa ń tan ojú, kí wọ́n wá bi etí léèrè.

Nígbà tó kan Kòjókòó, wọ́n pa àwòrán. Ẹ̀rọ ń kùn. Omi ń dà. Aṣọ dún pàá, gbogbo gbọ̀ngàn sì fà sẹ́yìn bíi pé ó gbá wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Yàrá ìfọṣọ. Ọjọ́rú. Aṣọ gbígbọ̀n."

Kòjókòó ti gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbi gbogbo. Ibi kan ṣoṣo yìí ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí pé ojú ló fi ń gé fíìmù, kò fi etí gé e.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" Ìyá Alálùmọ́gàjí béèrè. "Ẹni yẹn mọ iṣẹ́."

Àyè rèé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ. Kòjókòó wo ìlà kẹrin, ó gbé ojú kúrò.

"Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni, mà."

Ìyá Dákẹ́ fẹ́ dìde. Dákẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jókòó.

Kòjókòó ló borí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Nílé, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín yàrá ìránṣọ. Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹni tó borí kì í rìn bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Kí ló ń lé ẹ?"

Ó sọ ọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó já òwú, ó tún ki òmíràn bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí," ó wí. "Ìwọ ní ọwọ́ kejì, o gé e sọnù. Mi ò ní bá ẹ lọ o. Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ lọ kọ ọ́ náà ló máa gbé ẹ lọ tún un kọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Alálùmọ́gàjí ń to àga lé ara wọn nínú gbọ̀ngàn nígbà tí Kòjókòó bá a. Bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Mo bi ẹ́ lójú gbogbo èèyàn," ó ní níkẹyìn. "O lè sọ ọ́ nígbà yẹn."

"Mo lè sọ ọ́, mà."

"Irú ẹ ni mo dá ibí sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ìwọ náà ṣe é fún ọ̀rẹ́ rẹ." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Màá kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí i. Àyè yẹn kì í ṣe tìrẹ mọ́, òun ni màá lọ fi lọ̀. Ìwọ lè tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, torí o mọ̀ ọ́n yà. Gbé àga yẹn wá fún mi."

Ọjọ́ Àìkú ni Dákẹ́ máa wọ ọkọ̀ lọ síbi ìkọ́ṣẹ́ náà. Kòjókòó ti bẹ̀ ẹ́ nílé, ó ti bẹ̀ ẹ́ ní kíláàsì, ó tún wá bá a ní ibùdókọ̀.

"Jẹ́ kí n bá ẹ gbé báàgì."

"Kò wúwo."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ẹ́." Dákẹ́ gbé báàgì sí èjìká. "Àmọ́ mi ò tíì lè bá ẹ ṣe fíìmù."

Kòjókòó ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà pé, ká ní òun kọ orúkọ méjì lọ́jọ́ náà, kí gègé wá mú Dákẹ́, Dákẹ́ náà ni ì bá lọ, bó ṣe lọ yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òun ì bá bá a gbé ẹrù dé ẹnu ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ mú ìyẹn dání. Iṣẹ́ tí ẹni méjì bá ṣe, orúkọ méjì ló ni ín. Ẹni tó bá yọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ kúrò kí ó lè dá nìkan jẹ, ohun tó ń wá lè má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnìkejì yẹn náà á sì ti lọ.

Awakọ̀ fọn fèrè. Dákẹ́ dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì. Kòjókòó gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ìkòríta. Dákẹ́ kò bojú wẹ̀yìn.