Ògiri tí Sìdíkàt Rí

"Sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí o dákẹ́."

Ohun tí mo wí fún Sìdíkàt nìyẹn, bó ṣe sáré dé ọ̀dọ̀ mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní ilé-ìwé wa ní Addo, ẹni tó bá sọ Yorùbá yóò fọ ilé ìyàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi Ṣèyílọ́lá ni mò ń kọ orúkọ àwọn arúfin, ipò náà sì ń pa mí bí ọtí. Ọmọ kíláàsì kìíní ni Sìdíkàt, kò tíì pé oṣù méjì tó ti Ìsẹ́yìn dé. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀.

Ó nawọ́ sí ògiri ọgbà tí a máa ń jókòó tì nígbà ìsinmi. "Àǹtí, ó ti sán nísàlẹ̀. Bàbá mi ní ògiri tó bá sán báyẹn, wíwó ló fẹ́ wó."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ? Yorùbá là ń sọ nílé wa. Síbẹ̀, mo dúró kó wá gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá. Ó yanu, ó pa á dé, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo ní kó lọ gbé garawa.

Agogo ò tíì lù tí ògiri fi wó. Ẹsẹ̀ Ànú, ọ̀rẹ́ mi, há sábẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó sì kán síbi méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fura. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́, torí Sìdíkàt nìkan ló mọ̀ pé òun ti kìlọ̀ fún mi, ẹ̀rù mi sì ń bà á. Àmọ́ igbe Ànú ò kúrò létí mi. Mo nawọ́, mo jẹ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí: "Ìwọ ò jẹ̀bi. Òfin lo tẹ̀ lé. Òun ni kó lọ kọ́ gẹ̀ẹ́sì."

Inú bí mi gan-an. Nígbà ìpàdé òbí, àwọn òbí tún pàtẹ́wọ́ sí òfin náà, wọ́n ní àwọn ò sanwó kí ọmọ àwọn lọ máa sọ èdè ará oko. Bàbá Sìdíkàt, tó mọ ìdí tí ògiri fi ń wó, jókòó lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Mo dá ìwé orúkọ padà fún ọ̀gá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Mò ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kó fi èdè tó gbọ́ sọ ọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ànú ṣì ń tiro, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ì báà ṣe gẹ̀ẹ́sì, ì báà ṣe Yorùbá.