Ìlà Kan Tí Mo Fún Ashraf

"Rùkáyà, jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí. Àyà mi ń já."

Ashraf ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà Bọ̀ọ̀dá Tìjání ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó na fóònù sí mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín àwa méjèèjì. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ojú ò tilẹ̀ tì í!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ áàpù kan fún ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, obìnrin tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé, á ká a kó kéré, á fi há Àlùfáà Jíbrílù lọ́wọ́ pẹ̀lú sàráà rẹ̀. Ìwé a máa já bọ́, àwọn ọmọdé a sì máa ṣí i kà. Iṣẹ́ áàpù tèmi ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù, kó lọ tààrà sí sáìtì tí Àlùfáà nìkan lè ṣí. Iṣẹ́ náà wà lórí kọ̀mpútà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Kí n tó dìde, Ashraf ti gbé e lọ fún Ìyá Àdínì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ó ní òun lòun ṣe é. Bọ̀ọ̀dá Tìjání tó ń kọ́ wa níṣẹ́ sì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Marina, tó fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá wa nílé ìwé. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ṣé mo ní ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí! Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹ̀san.

"Kí ló ṣe é?" mo bi í.

"Kò ṣí mọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la sì fẹ́ fi han gbogbo ẹgbẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Wò ó, funfun báláú ni."

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi. Kí áàpù tó ṣí sáìtì kan, sáìtì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sáàtífíkéètì rẹ̀ hàn, kí áàpù lè mọ̀ pé òun gan-an ni, kì í ṣe olè tó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀. Bí ọjọ́ sáàtífíkéètì bá ti kọjá, tàbí tó bá jẹ́ ayédèrú, áàpù á kọ̀, kò ní ṣí. Ti sáìtì yìí ti kọjá láti ìjẹta. Kí wọ́n gba tuntun ló kù, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èmi ni mo kọ́ áàpù náà pé kó dúró, nítorí ó yẹ kó dúró.

Ṣàìtánì sọ̀rọ̀ sí mi létí, mo sì dá a lóhùn.

"Nǹkan kékeré ni," mo wí, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbé kóòdù wá."

Mo kọ ìlà kan ṣoṣo fún un sáàárín àwọn àṣẹ tí áàpù ń tẹ̀ lé: bí ìkìlọ̀ kankan bá wá nípa sáàtífíkéètì, kí áàpù má wò ó, kó máa lọ. Ashraf ò béèrè ohun tí ìlà náà ń ṣe. Báwo ni yóò ṣe mọ̀, nígbà tí kì í ṣe òun ló kọ iṣẹ́? Áàpù ṣí wàì.

"Rùkáyà, o ṣeun o! Ọkàn rẹ mọ́."

"Kò tọ́pẹ́," mo dá a lóhùn. Nínú mi, mo ní, o máa rí i.

Ohun tí mo ṣe yé mi yékéyéké. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá tan wáìfáì ayédèrú, tó sì fi sáàtífíkéètì ayédèrú hàn, áàpù náà á kó gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ lé e lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n sì ní kí n máa darí láptọ́ọ̀pù àti pùròjẹ́kítọ̀ tó ń gbé ohun ojú rẹ̀ sára ògiri lọ́jọ́ Àìkú. Bí Ashraf bá ti dúró níwájú, tó ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn, pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ àti ohun tó bá kọ á hàn gàdàgbà lára ògiri. Èmi á wá dìde, màá ní, "Ẹ wò ó! Ẹni tó ní òun kọ áàpù ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀!" Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dánra wò nínú balùwẹ̀.

Nígbà tí Àìkú pé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ashraf wọ jàlàbíà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Mo tan wáìfáì ayédèrú mi lórí láptọ́ọ̀pù. Orúkọ wáìfáì gbọ̀ngàn ni mo fún un, mo sì lo pásíwọ̀ọ̀dù kan náà, kí fóònù Ashraf lè wọlé fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti tán. Ashraf ti fi áàpù náà ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà; gbogbo wọn ló sì ń lo wáìfáì gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àìkú, fóònù gbogbo wọn ló mọ orúkọ náà, tèmi ló sì súnmọ́ wọn jù. Ìbínú ò jẹ́ kí n rò ó débẹ̀.

Ìyá Àdínì ní kí Ashraf bẹ̀rẹ̀. Kó tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti jáde lára ògiri:

"Èmi Àlímọ̀t ni. Àlùfáà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì sọ fún Rùkáyátù, kó má baà kó ìpayà wọ ìdánwò."

Ìyá mi wà ní ìlà kẹta, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo fóònù, ó wá wo èmi tí mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Ó fa híjáàbù rẹ̀ bo àyà, ó dìde. Yéè! Ọwọ́ mi ò lè gbéra.

Ashraf ló sáré já wáyà pùròjẹ́kítọ̀. Ashraf o!

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi," ó wí. "Áàpù mi ló bàjẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bú."

Ẹ̀san tí mo ń wá rèé nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, òun ni yóò ru gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn ìyá mi bó ṣe ń jáde lọ, ìyá Ashraf, ọmọ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀, dì í lọ́wọ́ mú, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀.

"Kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Lójú ẹsẹ̀ ni Ìyá Àdínì ní kí gbogbo ènìyàn yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn. Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Tìjání gbé báàgì mi fún mi.

"Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìwọ lo kọ áàpù yẹn. Ashraf ti jẹ́wọ́, mo sì ti yọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi tìrẹ rọ́pò. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè, ta ni yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá mi nílé. "Màámi, ẹ dárí jì mí. Ashraf ni mo fẹ́ dójú tì."

"Ṣé àyà Ashraf lo wá ṣí sílẹ̀ ni?" Ó bi mí, ó sì wọ yàrá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ibi ìdánwò dé, mo bá ilẹ̀kùn wa ní títì. Ìyá Ashraf ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ti gbé màmá ẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹnikẹ́ni yẹn, èmi ni.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ gbọ́. Bí nǹkan bá ń kìlọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹni tó pe ara rẹ̀, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹnìkan bá sì rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tún un sọ, ẹ má fi kòtò dáhùn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ẹ̀san kò mọ ojú ẹni tí a rán an sí. Mi ò fẹ́ràn Ashraf títí di òní, olè ni, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ṣe léṣe.

Alihamdulilahi, ara ìyá mi ti yá. Ó ní òun ti dárí jì mí. Síbẹ̀, bí fóònù rẹ̀ bá dún tí mo wà nítòsí, á dìde, á lọ gbé e níta.