Nọ́ńbà Tí Ajítẹ̀ẹ́ Yí Padà

"Sún sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́ kí n rí i," ni ọ̀rẹ́ Ajítẹ̀ẹ́ wí, ó sì na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. "Ṣé iṣẹ́ tí màmá rẹ ń ṣe látàárọ̀ nìyí? Ojú dúdú lásán, lẹ́tà funfun wẹẹrẹ. Kò tiẹ̀ sí àwòrán kankan níbẹ̀!"

Ajítẹ̀ẹ́ kò sún. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí láti kékeré, bó bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí, kíbọ́ọ̀dù ni yóò sì máa tẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ilé ni sáfà wà, kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Láti ọ́fíìsì òkè ni ìyá ti máa ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé sí i, tí yóò sì máa tẹ àṣẹ fún un. Ọ̀dọ̀ sáfà yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ti ń rí èsì àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n wá pe ìyá pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn dókítà ti kọṣẹ́. Ó dìde.

"Wíwò ni tìrẹ o," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Wò ó títí yóò fi sú ọ, àmọ́ má yí ohunkóhun padà. Ẹni tó wà lórí igi kì í gé ẹ̀ka tó jókòó lé."

"Mo gbọ́, mà."

Ìyá kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, orúkọ náà sì bá a mu.

"O ní màmá rẹ ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Pàṣẹ fún un ká rí i."

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Lọ́la, mo máa sọ fún gbogbo kíláàsì pé wíwò lo máa ń wò, bí ológbò tó ń wo ẹran nínú gíláàsì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ajítẹ̀ẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó sì ṣí fáìlì kan.

"Wò ó," ó ní. "Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní àdírẹ́sì, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà. Èyí ni ti sáfà, òun ni àwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń rí i. Mo lè yí i padà, kí n sì dá a padà síbi tó wà kí o tó ṣẹ́jú."

Ó pa nọ́ńbà kan rẹ́ láàárín àdírẹ́sì náà, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó wá tẹ àṣẹ tí yóò mú kí sáfà gba ìyípadà náà wọlé. Ẹlẹ́nu pàtẹ́wọ́. Ajítẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dá nọ́ńbà náà padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ kò jáde. Ó tún un tẹ̀. Ojú dúdú náà dákẹ́ lọ gbári.

Ìgbà náà ló tó yé e. Àdírẹ́sì yẹn gan-an ló gbà wọlé sínú sáfà. Bó ṣe yí i padà, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta, ó sì tì í mọ́ gbogbo ilé ìwòsàn.

"Jẹ́ ká máa lọ," ni Ẹlẹ́nu wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n á rò pé iná ló ṣe é." Kí Ajítẹ̀ẹ́ tó fèsì, ó ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti di ẹni àwátì.

Tẹlifóònù orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ó ṣe ń dákẹ́ ló ń tún dún. Ìyá sáré wọlé, ó tẹ àṣẹ kan, ó tẹ òmíràn, sáfà kò dá a lóhùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan níbí?"

"Rárá, mà."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Ìyá gbà á gbọ́, nítorí kò tíì purọ́ fún un rí.

"A jẹ́ pé wáyà ló yọ nìyẹn," ìyá wí. "Bàbá Onígbálẹ̀ gbálẹ̀ yàrá sáfà láàárọ̀ yìí."

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, Ajítẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni Bàbá Onígbálẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, tí òun náà fura sí wáyà, ti pè é wá síbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó sì ń bú u.

"Mo ti kìlọ̀ fún yín rí nípa wáyà! Tó bá jẹ́ ẹ̀yin náà ni lónìí, ẹ gbà pé iṣẹ́ ti parí."

"Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án," ni bàbá náà ń wí, ó di ìgbálẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ nìkan ni mo gbá."

Ìyá kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Nọ́ọ̀sì kan já wọlé pẹ̀lú èémí.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ò rí èsì irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò mìíràn ni."

Ajítẹ̀ẹ́ wo ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, níbi tó ti ń wá ohun tí kò sọnù. Ó wo bàbá náà.

"Màámi, kì í ṣe wáyà," ó wí. "Èmi ni. Mo yí àdírẹ́sì sáfà padà."

Ìyá kò bú u. Ó dìde, ó so kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà kan mọ́ sáfà tààrà.

"Nọ́ńbà wo lo fi síbẹ̀? Fáìlì wo?"

Ajítẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ìyá tẹ àṣẹ díẹ̀, kò sì pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi kígbe láti ọ̀nà àtẹ̀gùn pé èsì ti yọ. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ fún obìnrin náà lásìkò, ó sì yè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà bá ìyá wí níwájú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ìyá, ó sì pàṣẹ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì náà mọ́. Ní ilé ìwé, Ẹlẹ́nu ti ròyìn fún gbogbo kíláàsì pé Ajítẹ̀ẹ́ ba ilé ìwòsàn jẹ́. Kò sọ pé òun wà níbẹ̀.

Ìyá mú ọmọ rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Onígbálẹ̀. Bàbá náà dá ilẹ̀ gbígbá dúró.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ó wí. "Ó dùn mí pé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú mi, o sì mọ òótọ́." Ó sì ń bá ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo ohun tí Ajítẹ̀ẹ́ gbọ́ lọ́sẹ̀ náà, gbólóhùn yẹn ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara jù. Ìyá rẹ̀ kò fi kún un ju ọ̀rọ̀ kan lọ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

"Nọ́ńbà tí o yí padà kò le láti tún ṣe," ó ní. "'Rárá, mà' tí o sọ fún mi ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá, tó sì fẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ obìnrin yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń tì yín sínú ọ̀ràn kì í dúró bá yín jẹ nínú ìyà rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹní bá fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, orí aláìṣẹ̀ ló ń gbé e lé.