Ìka Pupa Bùsírátù

Ẹpà ni Bùsírátù ń jẹ lọ́jọ́ tí Ògúntìmẹ́hìn kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó nínú ẹ̀wù funfun tuntun ní yàrá àyẹ̀wò ọsibítù kan l'Ábẹ́òkúta, ó ń bó ẹpà sísè lórí tábìlì tí wọ́n ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn sí. Ọmọ oníṣòwò Igbẹ̀in ni, ọdún 1983 ló wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ògúntìmẹ́hìn, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, gba ẹpà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ fi ọṣẹ fọwọ́: a kì í jẹun nínú yàrá náà, a kì í sì í kúrò níbẹ̀ láìfọwọ́. Ó yẹ kó bínú. Ẹyinjú ọmọbìnrin náà ni kò jẹ́ kó lè bínú, kò sì mọ ohun tó dé bá òun.

Òun ni wọ́n ní kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ra gíláàsì pẹlẹbẹ, tí wọ́n á fi iná yá a kó lè lẹ̀. Aró elésè àlùkò ló kọ́kọ́ ń lọ, áyódìn tó ń mú aró náà dì tẹ̀ lé e, kí sípírítì tó fọ̀ ọ́, kí aró pupa tó kẹ́yìn. Kòkòrò àìsàn tó bá di aró àkọ́kọ́ mú kò ní yí padà. Èyí tí sípírítì bá fọ̀ lọ ni yóò pupa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ èyí tó ń ṣe aláìsàn.

Ti Bùsírátù kì í pupa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, elésè àlùkò ni gbogbo rẹ̀. Orí àwọn méjèèjì dàrú. Ìgbà tí Ògúntìmẹ́hìn dúró tì í ló tó rí i pé ẹ̀kán sípírítì kan ṣoṣo ló ń kán sí i, tó sì ń fa aṣọ sẹ́yìn.

"Ọtí ni, ọ̀gá," ni Bùsírátù wí. "Aṣọ tí mo fi ń kírun ló wà lábẹ́ ẹ̀wù yìí."

Ògúntìmẹ́hìn rẹ́rìn-ín títí, ó sì wá épírọ́ọ̀nù onírọ́bà fún un. Láti ìgbà náà, bí Ògúntìmẹ́hìn bá ti oko bàbá rẹ̀ l'Ówódé dé, yóò mú àgbàdo bọ̀, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á jẹ ẹ́ lábẹ́ igi lóde. Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé tirẹ̀, ìrun ni wọ́n ń kí nílé ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ní àwọn ẹbí Láwàlì aláṣọ ti ń wá tọrọ rẹ̀.

Ògúntìmẹ́hìn lọ bá bàbá rẹ̀ wa iṣu fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó dé, ìka Bùsírátù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pupa. Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ni wọ́n ń lé làálì fún n'Ígbẹ̀in? Kò béèrè. Kò sì mú àgbàdo jáde. Bùsírátù wá gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ níbi iṣẹ́, kò rí ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹta ni Ògúntìmẹ́hìn ní, "Kú oríire ìgbéyàwó o."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọmọbìnrin náà rárá, àfi ìgbà tó rí i pé ìka òun ni ọ̀gá náà ń wò. Òun tó ń bẹ̀rù sípírítì da púpọ̀ sórí òwú, ó ń nu ìka lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Òwú pupa, ìka mọ́.

"Làálì kì í bá sípírítì lọ, ọ̀gá. Aró yín ni. Mò ń dá iṣẹ́ aró náà kọ́ kẹ́ ẹ lè bá gíláàsì mi ní pupa, mi ò rántí ìbọ̀wọ́."

"Láwàlì ńkọ́?"

"Mo ti ní mi ò fẹ́ ẹ. Bàbá mi wá bi mí pé ta ni mo fẹ́. Kí ni kí n sọ, nígbà tí ẹni náà kò tíì sọ̀rọ̀?"

Ògúntìmẹ́hìn jókòó. Kò mọ ohun tí bàbá náà yóò sọ sí ọmọ ológùn-ún. Bùsírátù náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ògúntìmẹ́hìn mọ ohun tí òun fẹ́.

"Mo fẹ́ ọ, Bùsírátù. Èmi àti bàbá mi á wá kí wọn n'Ígbẹ̀in ní Sátidé."

"Ẹ wá. Àmọ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbí o."

Ògúntìmẹ́hìn wo èékánná rẹ̀ tí aró elésè àlùkò ti wọ̀ láti ọdún méje. "Èyí kì í lọ mọ́, ì báà jẹ́ ọṣẹ tàbí sípírítì."

Bùsírátù di ọwọ́ náà mú. "Ẹ máa mú un bọ̀ bẹ́ẹ̀."