Irọ́ Tí Sep Pa Lẹ́nu Kòtò

Sep Tallentire fi ẹ̀yìn dígà gbá òrùlé kòtò èédú, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Kò dún kíkan bí òkúta tó dì mọ́ra ṣe ń dún. Ó dún bòòmù, bí ìgbà tí èèyàn bá gbá àgbá òfìfo. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ìró kan náà ni. Erùpẹ̀ díẹ̀ já lé e léjìká, ọ̀kan nínú àwọn òpó igi tó gbé òrùlé ró sì ké kíún nínú òkùnkùn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ kòtò láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, nítorí náà ìró yẹn yé e yékéyéké. Òkè, ìyẹn òrùlé kòtò, fẹ́ wó. Ó lè jẹ́ lónìí, ó lè jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn awakùsà abúlé Hagg Rigg kì í fi irú èyí ṣeré. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ni yóò sọ fún alábòójútó, òun náà ni yóò sì dúró bá wọn gbé òpó tuntun sí i títí òkè yóò fi dákẹ́. Iṣẹ́ náà lè gba odidi ọjọ́ kan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ ojú irin yóò gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé náà lọ sí Torino, ní ilẹ̀ Ítálì.

Ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni yóò pàdé níbẹ̀ láti du ife kan. Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Hagg Rigg? Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Awakùsà ni gbogbo wọn, àwọn ìyá wọn ló sì ń dín ẹja tà kí owó ọkọ̀ tó pé. Sep ló ń gbá apá òsì. Bí kò bá lọ, Tot Hindmarsh, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ tábìlì, ni yóò gba ipò rẹ̀.

"Ó ti ń dún bẹ́ẹ̀ tipẹ́," Sep sọ fún ara rẹ̀. Irọ́ ni, ó sì mọ̀.

Jos Wardell ti ń dúró dè é lẹ́nu kòtò. Ojú iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín lò: bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọlé. Ẹni ogójì ọdún ni Jos, òun ló sì kọ́ Sep bí wọ́n ṣe ń di dígà mú lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Àṣà wọn ni pé ẹni tó ń wọlé kì í wọ àgò onírin tó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò láìbéèrè.

"Òkè ńkọ́?"

Sep wo bàtà ara rẹ̀. "Òkè dára, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tó o wá ń wolẹ̀? Àbí àwọn ará Ítálì ti ń bà ẹ́ lẹ́rù láti ibí?" Jos gbá a léjìká. "Bẹ́ ẹ bá gbàgbé ife yẹn síbẹ̀, ẹ má padà wálé o! Inú kòtò la máa to bẹ́ẹ̀dì yín sí!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Sep náà rẹ́rìn-ín. Àgò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Jos. Ó ṣì lè pariwo nígbà yẹn. Ó ṣì lè sáré tọ alábòójútó lọ. Ilé ló lọ, ó lọ wẹ èédú kúrò lára.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìnrìn àjò. Gbogbo ìgbà tí pákó ọkọ̀ bá ti ké, Sep á gbójú sókè wo òrùlé ọkọ̀.

"Jẹun, jàre," ni Barron, balógun ẹgbẹ́, wí. "Àbí afẹ́fẹ́ lo fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù?"

"Inú ló ń run mí, Kápítẹ́ẹ̀nì."

Wọ́n borí ní Torino, wọ́n sì gba ife náà. Sep ló gbá góòlù ìkẹyìn wọlé. Bí àwọn òǹwòran ṣe dìde hó, pákó ìjókòó wọn dún gbàù, Sep sì fi ọwọ́ méjèèjì bo orí láàárín pápá. Ẹ̀rù ń bà á ju bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn afunfèrè abúlé dúró ní ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n abíyá ni fèrè wọn wà. Kò sẹ́ni tó fun ún. Ìyá Sep jáde láàárín èrò.

"Òkè wó lu Jos," ó wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ gan-an. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan."

Sep bá Jos lórí ibùsùn lẹ́bàá iná. Thomasin, ìyàwó rẹ̀, ń di ẹrù sínú àpótí.

"Wọ́n ní ká kó jáde," Jos wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ilé iléeṣẹ́ èédú ni, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa jàǹbá. Alábòójútó kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò yẹ òkè wò dáadáa. Mi ò jiyàn, mo lè ti ṣàṣìṣe. Àmọ́ sọ fún mi, Sep. Nígbà tó o wà níbẹ̀, ṣé ó dún?"

Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀. Sep mọ èyí náà. Ìbẹ̀rù bò ó dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ó dún, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá a. Mo purọ́ fún yín torí kí n lè lọ."

Thomasin jẹ́ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jos wò ó, wò ó, ó sì yí ojú sí ògiri.

"Lọ sọ ọ́ fún wọn ní ọ́fíìsì," ó wí. "Tó o bá sọ ọ́ tán, má wá síbí mọ́."

Sep lọ sọ ọ́. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún Jos, wọ́n sì lé Sep kúrò nínú kòtò. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún Hagg Rigg mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a wọ pápá.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá mọ ewu tó wà níwájú ẹnìkejì yín, ẹ sọ ọ́ kó tó wọlé, ohun yòówù tó lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Òótọ́ tí Sep padà sọ gba ilé Jos là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ igi ni ọkùnrin náà fi ń rìn títí tó fi kú.